Ohun tí mo rí kọ́ nígbà tí àwọn ọmọ mi ń múra fún triathlon àkọ́kọ́ wọn

Ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn bá sọ pé òun fẹ́ ṣe triathlon, ìdíje tí èèyàn á ti lúwẹ̀ẹ́, á gun kẹ̀kẹ́, á sì sáré tẹ̀ léra wọn, bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rù. Wọ́n á béèrè bí omi tí ọmọ máa là já ṣe gùn tó, ibi tí ó máa gun kẹ̀kẹ́ dé, àti bóyá agbára á ṣẹ́kù fún un láti sá eré tó gbẹ̀yìn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí ọmọ mi méjèèjì ti ṣe tiwọn, ohun tí mo lè sọ fún òbí mìíràn ni pé ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ àti eré sísá kọ́ ló ń da ọmọ láàmú jù. Ohun tó wà láàárín wọn ni: kí ọmọ jáde nínú omi pẹ̀lú òtútù, kí ó ti ẹsẹ̀ tó rin gbingbin bọ bàtà, kí ó fi ìka tó ń gbọ̀n de akoto mọ́ àgbọ̀n, láàárín èrò tí kò mọ̀ rí, tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ìmúrasílẹ̀ yín sí.

Leeds ni à ń gbé, ní àríwá England, ìlú tí wọn kì í ka triathlon sí eré àjèjì. Agbègbè yìí ni Alistair Brownlee àti Jonathan àbúrò rẹ̀ ti dàgbà, àwọn tí wọ́n jọ gba àmì ẹ̀yẹ Olíńpíìkì ní London ní 2012, tí ẹ̀gbọ́n gba wúrà, tí àbúrò gba idẹ. Nígbà tí ó sì di Rio ní 2016, ẹ̀gbọ́n tún gba wúrà, fàdákà sì kan àbúrò. Síbẹ̀, kì í ṣe ìtàn wọn ló kó sí Àkànní, ọmọ mi àgbà, lórí. Ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2024 ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún ìdíje àwọn ọkùnrin ní Paris síwájú ní ọjọ́ kan nítorí pé omi odò Seine kò mọ́ tó, tí Alex Yee ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá lé Hayden Wilde ti New Zealand bá nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 6 péré ṣáájú rẹ̀. Ọmọ náà fò sókè lórí àga, ó ní òun náà máa ṣe é. Àbẹ̀kẹ́, tí kì í gbà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ohunkóhun kí òun má ṣe é, ní àwọn jọ ń lọ ni.

Èyí tí àwọn àgbà ń ṣe nínú Olíńpíìkì láti ìgbà Sydney ní 2000 ni kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́, àti 10 ní ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 8 ni ọmọ ti lè díje, wọ́n sì pín wọn ní ọgbọọgba ọjọ́ orí: ọdún 8 wà lọ́tọ̀, 9 àti 10 wà pọ̀, 11 àti 12 wà pọ̀, 13 àti 14 náà wà pọ̀. Ẹ kíyè sí ohun kan bí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀: ọjọ́ orí tí wọ́n ń lò ni èyí tí ọmọ máa jẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún ìdíje náà, kì í ṣe èyí tó jẹ́ lọ́jọ́ tí eré máa wáyé. Oṣù Kẹwàá ni mo bí Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ ọdún 8 ni mo kà á sí nígbà tí mo ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje oṣù Kẹfà, àfi bí ìwé ṣe dé, tí wọ́n ti fi í sáàárín àwọn ọmọ ọdún 9 àti 10: mítà 200 nínú omi, kìlómítà 4 lórí kẹ̀kẹ́, mítà 1,200 ní ẹsẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọdún 11 jẹ́ mítà 300, kìlómítà 6 àti mítà 1,800. Nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó gùn ní mítà 25, ìyẹn ni pé kí Àbẹ̀kẹ́ là á já lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí Àkànní là á já lẹ́ẹ̀mejìlá.

Èmi tí mo bí wọn kò mọ̀ ọ́n lú. Ní Ìbàdàn tí mo dàgbà sí, ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ pé ó yà sódò nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ìwé, ẹgba ló máa fi jẹun alẹ́. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, wọ́n ní, “Ṣé torí pé ẹ wà lókè òkun lẹ ṣe fẹ́ máa ju ọmọ sómi?” Kì í ṣe ilé wa nìkan. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀, débi pé Olíńpíìkì Tokyo, tó wáyé ní 2021, ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, Alice Dearing, tó ṣojú ilẹ̀ náà nínú ìlúwẹ̀ẹ́. Ìjọba England ní kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 25 kí ó tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ mi sì lè ṣe ìyẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n lílúwẹ̀ẹ́ mítà 25, kí ọmọ di etí adágún mú, kí ó dúró títí ó fi máa kàn án, kò jọ lílúwẹ̀ẹ́ mítà 200 nígbà tí kò sí ẹni tó máa ní kí ó sinmi.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a sọ fún wọn pé ìsinmi kò lòdì sófin. Ọmọ lè di etí adágún mú, ó lè dúró mí, ó lè kúrò lórí ìwẹ̀ tó ń tán an lókun kó bọ́ sórí ìwẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Láti ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ ti mọ̀ pé òun lè dúró, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró mọ́. Ẹ̀rù ló ń mú un mí kúkúrú tẹ́lẹ̀, kì í ṣe àárẹ̀.

Ohun kejì ni pé nínú adágún, ọmọ mélòó kan ni wọ́n máa ń fi sínú ọ̀nà kan náà, tí wọ́n á máa yípo ara wọn, tí ẹni tó bá fẹ́ kọjá á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú, tí ẹni náà á sì dúró ní etí adágún kí ó kọjá. Ọmọ tí kò mọ èyí máa rò pé ẹnì kan ń fa òun lẹ́sẹ̀ sínú omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ara wọn dáadáa kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí ó fi máa sú wọn. Bákan náà, bí ẹ bá ń kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ rò pé ọmọ máa lò nínú omi, ẹ kọ òótọ́, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń to àwọn ọmọ. Èyí tó dára jù nínú gbogbo ìdánrawò Àkànní ni mo kọ, ni wọ́n bá kó o sáàárín àwọn tó yára jù ú lọ, gbogbo wọn sì ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí irun, nítorí pé nínú gbogbo ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fún wa, kò sí gbólóhùn kan nípa rẹ̀. Fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n máa ń pín ní ìdíje, irun tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Bí a bá wọ̀ ọ́ fún ọmọ tó dirun pẹ̀lú àfikún, ṣe ló máa ń sún díẹ̀díẹ̀ títí á fi já bọ́ láàárín omi, tí awò ojú náà á sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà eré pàápàá: ní 2021, àjọ tó ń ṣàkóso ìlúwẹ̀ẹ́ lágbàáyé kò fọwọ́ sí Soul Cap, fìlà tí wọ́n ṣe fún irun tó pọ̀, fún lílò ní Olíńpíìkì, ìgbà tó di 2022 ni wọ́n tó gbà á. A ra fìlà tó fẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́, mo sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbé ìdíje kalẹ̀ bóyá ó lè wọ fìlà tiwọn lé e lórí, nítorí pé àwọ̀ fìlà ni wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ tí ọmọ wà. Wọ́n ní kò burú. Ẹ béèrè ṣáájú, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Akoto ló wá yà mí lẹ́nu. A ti ra èyí tó bá orí rẹ̀ mu, tó ní àmì EN 1078 tó fi hàn pé ó yẹ fún kẹ̀kẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo di ṣùkú fún un fún ìkómọjáde kan, nígbà tí a sì tún gbé akoto náà dé e, ṣe ló jókòó sókè téńté bí ìdérí tí kò bá ìkòkò mu. Akoto tó bá jókòó báyẹn kò lè dáàbò bo iwájú orí. Ohun tí a wá ń ṣe ni kọ́lẹ́sẹ̀, tó tẹ́ mọ́ orí, tí ìparí rẹ̀ sì sùn sí ìpàkọ́ lábẹ́ akoto. Mo tún rí i pé irun tuntun tó ṣì le koko máa ń dun ọmọ lábẹ́ akoto, nítorí náà ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni kí ẹ ti dì í. Ní ti omi adágún tó ń mú irun gbẹ, ẹ kọ́kọ́ fi omi ẹ̀rọ tútù rin irun náà dáadáa kí ọmọ tó wọlé, irun tó ti mu omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní mu púpọ̀ nínú èyí tó ní kẹ́míkà. Bí wọ́n bá jáde, a ó ṣan án, a ó sì fi òrí pa á àti gbogbo ara.

Lórí kẹ̀kẹ́, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹ má ṣe ra kẹ̀kẹ́ tó tóbi pé ọmọ máa dàgbà bá a. Àṣà tí a fi ń ra bàtà àti aṣọ ilé ìwé yìí kò ṣiṣẹ́ níbí, nítorí pé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ dáadáa kò lè dúró lójijì, kò sì lè gun kẹ̀kẹ́ láìsí ohun tó máa dúró lé. Kẹ̀kẹ́ àlòkù tó bá a mu sàn ju tuntun tó ga jù ú lọ, kẹ̀kẹ́ lásán tí ọmọ fi ń ṣeré ní pápá sì tó fún ìdíje àkọ́kọ́. Àwọn tó gbé ìdíje kalẹ̀ máa yẹ bíréèkì méjèèjì wò, wọ́n máa wo táyà, wọ́n sì máa wo ẹnu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pé irin tó bá là sílẹ̀ lẹ́nu lè wọ ọmọ lára bó bá ṣubú lù ú. Rọ́bà ọwọ́ kẹ̀kẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ti ya, ihò irin sì hàn síta. Ohun kékeré tí wọ́n fi ń dí i kò wọ́n rárá, ṣùgbọ́n bí a kò bá ti rí i kí ọjọ́ tó pé, wọn kò ní jẹ́ kí ó gùn ún.

Ní báyìí, ibi ìpààrọ̀, níbi tí ọmọ ti ń kúrò nínú eré kan bọ́ sí òmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń to gbogbo kẹ̀kẹ́ sí lórí irin gbọọrọ, tí ẹrù ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òfin tó le jù níbẹ̀ ni ti akoto: ọmọ gbọ́dọ̀ dé e, kí ó sì so ó, kí ó tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, nígbà tó bá sì padà dé, kò gbọ́dọ̀ tú u àfi ìgbà tó bá ti gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ tán. Kò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ṣe ló máa tì í títí dé ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀, ẹ̀yìn ìlà náà ni gígùn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá ń padà. Wọn kò sì gbà kí ọmọ ṣí àyà sílẹ̀ láìwọ aṣọ lórí kẹ̀kẹ́ tàbí nígbà tó bá ń sáré. Lórí ìwé, ọmọ ọdún 9 lè kọ́ gbogbo èyí sórí láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Àwọn tèmi kọ́ ọ sórí. Ìgbà tí a dán an wò pẹ̀lú ara tútù ni a tó mọ̀ pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé wa ni a ti ṣe é, ní oṣù Kẹrin, nígbà tí òtútù ṣì wà níta. Mo gbé báàfù omi jáde, mo ní kí wọ́n wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, mo sì da omi lé wọn lórí láti òkè délẹ̀. Aládùúgbò wa, òyìnbó kan tí kì í sábà bá wa sọ̀rọ̀, yọjú lórí ọgbà, ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó sì wọlé lọ láìsọ nǹkan kan. Àkànní gbé síńgílẹ́ẹ̀tì sọ́rùn, aṣọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ká jọ ní èjìká bí ó ti ń fà á, apá rẹ̀ kan wà nínú, ìkejì wà níta. Àbẹ̀kẹ́ jókòó sórí kọnkéré láti wọ ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ náà dúró sí àárín ẹsẹ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, ó sì bú sẹ́kún. Nígbà tí ó dé orí akoto, ìdè abẹ́ àgbọ̀n fún un ní awọ pọ́n-ún, ó sì jù ú nù. Inú mi dùn pé ẹ̀yìn ilé ni èyí ti ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń yọ ohun kan kúrò lẹ́yìn òmíràn. A yọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ òfìfo ni wọ́n fi ń wọ bàtà, tí a ti bu páúdà sínú rẹ̀, tí a sì ti fi faselíìnì díẹ̀ pa ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kí ó má baà bó wọn. A yọ okùn bàtà, a fi okùn onírọ́bà tí kò nílò dídè rọ́pò rẹ̀. A yọ síńgílẹ́ẹ̀tì: aṣọ kan ṣoṣo tó bo àyà, tí wọ́n wọ sínú omi, ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀ títí dé òpin. Nọ́ńbà wà lára ìgbànú onírọ́bà, wọ́n kàn máa so ó mọ́ ìbàdí ni. Akoto wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, a dojú rẹ̀ bolẹ̀, a la ìdè rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, kí ó lè jẹ́ pé bí ọmọ bá ti gbé e, ibi tó yẹ ni iwájú wà. Títì kẹ̀kẹ́ náà gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀, nítorí pé bí ọmọ bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú tó ń sáré, irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ á máa gbá a ní ojúgun. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó fi di ìjókòó mú, kí kẹ̀kẹ́ wà lápá ọ̀tún rẹ̀.

Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún wa ni bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. A ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tirẹ̀, a ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tirẹ̀, a ń sáré lọ́jọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Àkànní kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí ó sì gbìyànjú láti sáré, ó dúró, ó wo itan rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹsẹ̀ mi ti kú.” Iṣan tó ti ń yí po lórí kẹ̀kẹ́ láìgbé ìwọ̀n ara ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ó gbé gbogbo ara, ó máa ń gba ìgbà díẹ̀ kí ó tó bá a mu. Kò sí oògùn rẹ̀ ju kí ọmọ ti mọ̀ ọ́n lára lọ. A wá ń so méjèèjì pọ̀: wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ yí pápá ká, wọ́n á sì sáré lọ síbi igi kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ. Ọmọdé kò nílò kí a máa fi ọ̀nà jíjìn pa á. Kí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà máa jí ló ṣe pàtàkì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, bàbá wọn din iṣu, ó sì din ẹyin sí i, torí pé kò fẹ́ kí ebi pa ọmọ lójú àgbo. Oúnjẹ rere ni, ṣùgbọ́n ó pọ̀, kò sì jìnnà sí ìgbà tí Àkànní máa wọ omi. Nígbà tí ó di eré sísá, ẹ̀gbẹ́ ń gún un, ó ń rìn níbi tó yẹ kí ó ti máa sáré. Ní báyìí, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń jẹ, ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú, ìyókù di ẹ̀yìn eré.

Ti Àbẹ̀kẹ́ ni n kò ní gbàgbé. Ó jáde nínú omi láìsí ìyọnu, ó sáré gba ẹnu ọ̀nà adágún jáde, ó sì dúró láàárín àwọn kẹ̀kẹ́, kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ní òwúrọ̀, a ti rin ibẹ̀ papọ̀, a sì ti ka ìlà, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí a ti gbé kẹ̀kẹ́ wọlé ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí ó máa gbà jáde láti inú omi. Gbogbo nǹkan yí padà lójú ọmọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti ẹ̀yìn okùn, “Ìlà kẹta! Ìlà kẹta!” Àwọn òbí mìíràn náà ń pariwo sí àwọn ọmọ tiwọn, kò sì mọ ohùn ta ni kí òun gbọ́. Ó wò mí, ojú rẹ̀ rẹ̀ wẹ̀sì, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ọkọ mi di mí lápá mú, ó ní kí n dákẹ́. Mo dákẹ́, kò sì rọrùn fún mi. Obìnrin kan lára àwọn tó ń bójú tó eré súnmọ́ ọn, ó béèrè nọ́ńbà rẹ̀, ó sì bá a rìn gba inú ìlà lọ títí ó fi rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí a ti ṣe lẹ́yìn ilé: akoto, ìdè, bàtà, ìgbànú, ọwọ́ lórí ìjókòó. Ó ń sunkún bí ó ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò fo ìkankan.

Nígbà tí èsì jáde, wọ́n kọ àkókò ìpààrọ̀ méjèèjì lọ́tọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti omi, ti kẹ̀kẹ́ àti ti eré. Ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó wo ipò tí ọmọ gbà. Ìpààrọ̀ àkọ́kọ́ Àbẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo àkókò tó fi lúwẹ̀ẹ́. Ìkejì, tí kò ti sọnù, kò ju ti àwọn tó gbégbá orókè lọ púpọ̀. Ti Àkànní dára ní ìgbà méjèèjì, eré ẹsẹ̀ àti iṣu ló já a kulẹ̀.

Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ fún òmíràn ní oṣù Kẹsàn-án. Àkànní ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí jíà kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, dípò ìgbà tí ó bá ti dé àárín rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò sì lè yí mọ́. Àbẹ̀kẹ́ ti béèrè bóyá òun lè so bàlúù mọ́ kẹ̀kẹ́ òun kí òun lè rí i láti ọ̀nà jíjìn, mo sì sọ fún un pé wọn kò gbà kí ọmọ so irú àmì bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní ṣé òfin kò kúkú sọ irú àwọ̀ tí kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́. Bàbá rẹ̀ ti ra ọ̀dà èlésè àlùkò, ó kù kí òjò dá kí wọ́n tó kùn ún.